Mo fowó mi ra fóònù, wọ́n ní ẹrù olè ni

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ ọmọkùnrin kan ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí, ni mo ti ra fóònù àlòkù kan. Ẹnìkan ti wá yọjú báyìí pé òun ló ni ín, páálí àti rìsíìtì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n lè pè mí lólè, nígbà tí mo fowó mi rà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀sùn tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ju ti olè jíjà lọ ni gbígba ẹrù olè. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2015, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà fún olè jíjà (abala 287). Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè lè fẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura (abala 328). Ṣebí àwọn àgbà náà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Bóyá ẹ mọ̀ ni ẹjọ́ dá lé. Ṣùgbọ́n "mi ò mọ̀" nìkan ò tó. Abala 167 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba adájọ́ láyè láti gbà pé ẹni tí wọ́n bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ láìpẹ́ sígbà tí wọ́n jí i, òun ló jí i tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbà á, àfi tó bá lè ṣàlàyé bó ṣe dọ́wọ́ rẹ̀. Bí fóònù tó ń lọ ní ₦200,000 bá di tiyín ní ₦60,000, lálẹ́, láìsí páálí, àlàyé yẹn máa nira gan-an.

Ní ti fóònù, ẹni tó ni ín ló máa gbà á. Ó dùn mí fún yín, àmọ́ ẹni tí kò ni nǹkan kò lè tà á kó di tiyín. Ọwọ́ ẹni tó tà á ni kí ẹ ti béèrè owó yín.

Ẹ má ṣe tà á o, ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ *#06#: nọ́ńbà IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) oníòǹkà 15 á yọ, méjì ni tó bá jẹ́ onísíìmù méjì. Ẹ fi wé ti páálí àti ti rìsíìtì, torí àwọn oníjìbìtì máa ń tẹ ayédèrú ìwé ara páálí. Tó bá dọ́gba, ẹ̀yin àti lọ́yà ni kí ẹ jọ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba ìwé pé ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹni tó ní òun ló ni ín lójú títì. Ẹ mú nọ́ńbà ẹni tó tà á dání, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ọwọ́ lẹ san, ẹ tètè wá ẹni tó wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá tún fẹ́ ra àlòkù, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ àkáǹtì Google tàbí iCloud rẹ̀ kúrò níṣojú yín. Tí kò bá mọ password rẹ̀, ẹ máa lọ.