Ẹsẹ̀ mọ́tò ń dún: èwo ni linkage, èwo ni ball joint?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Corolla ni mo ń wà. Tí mo bá ti dé ọ̀nà gbágungbàgun, ẹsẹ̀ iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra linkage, búṣì, lower arm àti ṣọ́ọ̀kì wá. Èwo ni èwo nínú wọn, ṣé dandan sì ni kí n ra gbogbo ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bàjẹ́ pa pọ̀.

Linkage ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so irin tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Òun ló sábà máa ń dún bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó ti lower arm rárá.

Lower arm ni apá irin ìsàlẹ̀ tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara mọ́tò. Búṣì ló wà níbi tó ti kan ara mọ́tò, rọ́bà tó máa ń sán tó bá pẹ́. Ní ìdí táyà, ball joint ló wà, tó ń yí bí oríkèé ìbàdí. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù o! Tó bá yọ lórí eré, táyà á dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ò sì ní lè darí mọ́tò mọ́. Lára ọ̀pọ̀ Corolla, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ lower arm, nítorí náà ẹ lè pààrọ̀ òun nìkan.

Sípíríǹgì ló gbé ìwúwo mọ́tò. Ṣọ́ọ̀kì ni kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò sókè sódò. Níwájú Corolla, ojú kan ni wọ́n to méjèèjì sí. Tí epo bá ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, tàbí tí ẹ tẹ igun iwájú mọ́tò mọ́lẹ̀ tó ń fò sókè sódò léraléra, ó ti kú nìyẹn. Méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, kó di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kó mì ín lójú yín. Tó bá ń yẹ̀, ball joint tàbí bẹ́ríǹgì ni. Tó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì ló dì mú tó ń yẹ̀, tie rod ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ọ̀pá tó so sítíárì mọ́ ẹsẹ̀ táyà.

Èyí tí wọ́n bá tú, ẹ mú un dání lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, torí lower arm ọ̀tún kò bá ti òsì mu. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ lower arm tàbí tie rod, ẹ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó dúró déédéé, lọ́jọ́ náà, kí táyà má bàa jẹ lápá kan.