Owó Ìtanràn Kọ́ Ló Máa Dá Ìjàm̀bá Dúró

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kékeré, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo ra ìbọ̀wọ́ fún gbogbo wọn, mo sì ṣòfin pé ẹni tó bá ṣèṣe nítorí àìfarabalẹ̀, màá yọ lára owó oṣù rẹ̀. Síbẹ̀, ayùn oníná gé ọ̀kan nínú wọn níka lóṣù tó kọjá. Ó ní ìbòrí abẹ́ ayùn náà ti ń yẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ti yọ owó rẹ̀. Èló ló yẹ kí ìtanràn jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣọ́ra?

Ìdáhùn: Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi. Kò sí iye kan tó yẹ. Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà. Ibi tí ẹ sáré kọjá yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà: ìbòrí abẹ́ ti ń yẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó sọ. Kí ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ẹni tó bá wá sọ ni ẹ máa kọ́kọ́ bi pé ta ló bà á jẹ́. Wọ́n ro ti owó oṣù wọn, wọ́n sì dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé ẹ̀rù ló ń mú òṣìṣẹ́ ṣọ́ra, pé ibi tí ọ̀gá bá ti le ni ewu kì í sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìròyìn ìjàm̀bá ni ẹ̀rù ń dín kù, ìjàm̀bá fúnra rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, rí i nígbà tó ń wo àṣìṣe oògùn láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì gbé e jáde ní 1996: àwọn wọ́ọ̀dù tí olórí wọn dára ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Ohun tó fà á ni pé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè lanu sọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rù ọ̀gá, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, ẹni tí ìṣó gún á fi aṣọ wé e, á máa ṣiṣẹ́ lọ kí ẹ má bàa rí i. Ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àrùn ipá, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì, máa ń gbà wọlé.

Ìbọ̀wọ́ yẹn náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn nídìí ayùn. Mo mọ̀ pé owó ni ẹ fi rà á. Tí abẹ́ tó ń yí bá fi ehín kan gbá fọ́nrán ìbọ̀wọ́ mú, ó ń fa gbogbo ọwọ́ wọlé kí ẹni náà tó mọ̀ pé òun fẹ́ fà á padà. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé pákó, tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ abẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà kúrò lára iná, ni ìbọ̀wọ́ wúlò. Nídìí ayùn tó ń ṣiṣẹ́, ìbòrí abẹ́ tó dúró gírígírí, igi tí wọ́n á fi máa ti pákó dípò ìka, àti apá aṣọ tí kò fẹ̀ ni ká máa sọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sára ló máa ń kẹ́yìn lọ́dọ̀ àwa tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́; a kọ́kọ́ ń mú ewu náà kúrò, tí kò bá ṣeé mú kúrò, a ń dí i mọ́ ara ẹ̀rọ.

Ìwọ̀sí náà wà lára ewu ibi iṣẹ́. Tí ẹ bá bú ẹnì kan níwájú oníbàárà, tọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ṣé ẹ máa wá ní kó padà sídìí ayùn? Àdéhùn 190 tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, ṣe ní 2019 ka ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́ sí ohun tó gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì kan ọmọ ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ẹ bi wọ́n pé: “Kí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe yín léṣe lánàá?” Wọn ò ní dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ẹ sì tún nǹkan náà ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti pa ẹ̀rọ láìgbàyè, títí kan ọmọ tó kéré jù. Mi ò ní kí ẹ má bá ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tú ìbòrí sílẹ̀ wí o. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná, torí nígbà míì, iṣẹ́ tí ẹ ní kó parí kíákíá ló mú un tú u.

Mi ò fojú ara mi rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin lórí yíyọ owó oṣù yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ibòmíì sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ti rú u. Ẹ bi agbẹjọ́rò. Kẹ́nikẹ́ni má tan ayùn yẹn títí ìbòrí rẹ̀ á fi dúró. Owó ọmọ yẹn, ẹ dá a padà fún un lójú àwọn tó kù, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi dá a padà.