Keyframe ń yọ ṣáá lórí kọ́lọ̀ fídíò mi, báwo ni mo ṣe máa tún un ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Mo ń ṣe kọ́lọ̀ (àtúnṣe àwọ̀) clip kan, ìyẹn ègé fídíò kan, lórí DaVinci Resolve, software tí wọ́n fi ń tún fídíò ṣe, ẹni tó wà nínú ẹ̀ rìn láti inú yàrá bọ́ síta. Inú yàrá dáa, àmọ́ tó bá ti jáde báyìí gbogbo ẹ̀ á di búlúù. Mo fi keyframe sí i, ìyẹn àmì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí ní àkókò kan pàtó, ṣùgbọ́n tí mo bá tún ibì kan ṣe ibòmíì á bàjẹ́, keyframe ti lé ní ogún, àwọ̀ ojú ẹni yẹn wá ń yí padà ṣáá. Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ohun tó ń fà á ni auto keyframe tó wà ní títàn, ìyẹn àmì dáyámọ́ǹdì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ node (àpótí tẹ́ ẹ ń kó àtúnṣe àwọ̀ sí) nínú pánẹ́ẹ̀lì keyframe nísàlẹ̀. Tó bá ti wà ní títàn, ibi yòówù kí playhead (ìlà tó ń fi ibi tẹ́ ẹ dé nínú fídíò hàn) dúró sí tẹ́ ẹ fọwọ́ kan àwọ̀, ó máa fi keyframe síbẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ́ rò pé keyframe àkọ́kọ́ lẹ̀ ń tún ṣe, àṣé playhead ti fi fréèmù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò) méjì kúrò lórí ẹ̀, bó ṣe di méjì nìyẹn, wọ́n sún mọ́ra, nọ́ńbà wọn ò sì bára mu, ohun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ ojú yẹn máa yí nìyẹn.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tẹ [ tàbí ] lórí kíbọọ̀dù, á gbé yín lọ sórí keyframe tó wà lẹ́yìn tàbí tó wà níwájú gan-an. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ má fi máòsì wá a.

Ní ti clip yìí, ó jọ pé kámẹ́rà wà ní nǹkan bíi 3200K (K ni Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, bó bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń búlúù tó) fún gílóòbù inú yàrá, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán sì máa ń wà ní nǹkan bíi 5600K, ìdí tí ìta fi búlúù nìyẹn. Keyframe méjì péré ló nílò. Ẹ fi ọ̀kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ ìta ti kọ́kọ́ kan ojú ẹ̀, ẹ fi ìkejì síbi tó ti jáde tán. Tó bá jẹ́ fréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìjáde yẹn sì gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, 50 fréèmù ló wà láàárín wọn, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa ṣírò ìyẹn. Ẹ rí i pé dynamic ni wọ́n o, torí static kì í rọra yí, ńṣe ló máa ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí wọ́n ti lẹ shot méjì pọ̀ sínú clip kan ṣoṣo ló wúlò fún.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì jù ni pé kẹ́ ẹ ya node sọ́tọ̀. Kọ́lọ̀ gbogbo clip, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, contrast ẹ̀, ẹ kó o sí node 1 láìsí keyframe kankan níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi node 2 ṣe ìyípadà àwọ̀ yìí nìkan. Tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá wá ní kẹ́ ẹ mú gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, node 1 lẹ máa lọ, keyframe ò ní mọ̀ rárá. Mo ti rí i tí ẹlòmíì fi odindi ọjọ́ kan ṣe àtúnṣe tí kò yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún, torí orí node kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀ sí, ó máa ń dùn mí gan-an.

Èyí tó ti pọ̀ lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ fi máòsì yí àwọn tó wà láàárín ká kẹ́ ẹ tẹ Delete, ẹ fi ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sílẹ̀. Tí ìyípadà bá yára jù, ẹ kàn fa keyframe ìkejì sápá ọ̀tún, nọ́ńbà ẹ̀ ò ní yí, àkókò nìkan ló máa yí. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó ṣeré tààrà láìdá a dúró, kẹ́ ẹ máa wo ojú ẹni yẹn, ẹ má wo ògiri.