Aṣọ Àtijọ́ Ti Wà Nílẹ̀, Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́ Dà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mò ń kọ eré ìpànìyàn kan tó wáyé ní nǹkan bí ọdún 1960. A ti rí mọ́tò àtijọ́ yá, a ti rí aṣọ, àmọ́ àwọn tó kà á ní ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ká àwọn lára. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ tètè bèèrè. Ẹ lọ tún fíìmù October 1 wò, èyí tí Kunle Afolayan darí, tó jáde lọ́dún 2014. Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ ọmọ Òkè Ọya, Danladi Waziri, ni wọ́n rán wá sí ìlú Akote láti mú ẹni tó ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ibẹ̀ kí òmìnira tó dé. Àwòrán tí Yinka Edward yà níbẹ̀ wuyì gan-an. Olóògbé Sadiq Daba tó ṣe Waziri kì í pariwo, síbẹ̀ ẹ ó rí àárẹ̀ àti ìtìjú lójú rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n pa ni mo ní ẹjọ́ lé lórí. Òkú wọn la mọ̀ ju ayé wọn lọ. Ọgbẹ́ tó bí ìpànìyàn náà pàápàá, ìparí la tó gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ti máa dùn wá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó pa ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kó fẹ́ nǹkan kan lójú wa. Ká ní ọmọbìnrin kan gbé aṣọ funfun lọ bá ìyá aláró, ó san ìdajì owó, ó ní kí ìyá jẹ́ kó mu aró dáadáa, torí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ fi ṣe. Wọ́n pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá aláró gbé aṣọ tó ti gbẹ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń bèèrè ẹni tí òun máa gbé e fún. Ọlọ́pàá yín kò mọ ohun tó máa sọ. Aṣọ ìgbà náà ti di ọ̀rọ̀ ènìyàn nìyẹn.

Ẹ wá fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun àtijọ́ tó wà nínú ìwé eré yín. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wá, tí kò jẹni lógún, tí kò bani lẹ́rù, ẹ yọ ọ́. Bí mọ́tò yẹn bá wà lára wọn, ẹ dá a padà, kí ẹ fi owó rẹ̀ fún àwọn òṣèré yín ní ọjọ́ ìdánrawò sí i.