Kí ló dé tí àwọn aṣọ́gbó fi ń mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun igbó?

Kí iná ńlá má bàa wá jó o ni. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán. Iná ọ̀hún kì í ga, ìrì alẹ́ sì sábà máa ń pa á. Èyí tó bá jó nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ táútáú ló ń pa igi kéékèèké.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Olókèmejì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ní 1929 ni àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan níbẹ̀: wọ́n ń sun apá kan ní oṣù Kejìlá, òmíràn ní oṣù Kẹta, wọn ò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Ẹ̀kẹta yìí ń di igbó kìjikìji. Ti oṣù Kẹta ò kúrò ní pápá koríko. Ti Kejìlá bọ́ sí àárín.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ máa wo àwọn àwòdì tó ń rà bàbà lókè èéfín, tí wọ́n ń hán tata tó ń sá (èmi ò rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀). Ṣùgbọ́n apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ni kí ẹ dúró sí, lórí ilẹ̀ tó ti jó tán.