PCV mi kéré: ṣé jẹjẹrẹ bàbá mi ni mo jogún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Jẹjẹrẹ páńkíríásì (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn) ló mú bàbá wa lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọ́kọ́ lọ sílẹ̀, a tilẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Mo ṣe àyẹ̀wò, PCV mi (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa nínú ọgọ́rùn-ún) jẹ́ 27. Ṣé ó ti wà lára mi nìyẹn? (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.

PCV 27 kò sọ pé jẹjẹrẹ wà lára yín. Ó kéré lóòótọ́, ẹ má fi ṣeré. Ó kéré tán, 36 ni à ń retí lára obìnrin tí kò lóyún. Ṣùgbọ́n ti bàbá yàtọ̀. Jẹjẹrẹ a máa mú kí ara ti èròjà irin mọ́lé, mùdùnmúdùn eegun kò ní rí i fi ṣe ẹ̀jẹ̀, ká má tíì sọ ti oúnjẹ tí kò lọ mọ́. Àìsàn ló fa ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀.

Lára obìnrin ọjọ́ orí yín níbí, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n, lẹ́yìn náà ibà, àti aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sára ẹni tó ń bọ́ bàtà kó tó wọ oko iṣu. (Mo mọ̀ pé bàtà kì í rọrùn láàárín ebè.) Ẹ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti ti irin inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kiri.

Ní ti ogún, nínú ẹni 10 tó ní jẹjẹrẹ yìí, bí ẹnì kan ni jíìnì (àmì ìdánimọ̀ inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́) tó jogún lọ́wọ́ sí tirẹ̀. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní BRCA2 wà lára irú wọn; bí ó bá ní àbùkù, ó lè fa jẹjẹrẹ ọmú pẹ̀lú. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ilé bàbá yín. “Inú rírun ló pa á” ni wọ́n á sọ. Ẹ má dúró níbẹ̀. Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà apọ́njú? Ṣé ó rù? Ta ló ní kókó lọ́mú? Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn, ẹ kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ orí tó mú wọn sílẹ̀, kí ẹ kó o lọ bá dókítà jẹjẹrẹ fún àyẹ̀wò jíìnì.

Ibì kan wà tí ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ yìí ti pàdé nínú jíìnì: ní 2009, àwọn olùwádìí rí i pé kì í sábà mú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ O tó bó ṣe ń mú àwọn A, B àti AB. Irú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó. Kò sì tó ohun tí ẹlẹ́jẹ̀ A ń torí rẹ̀ pàdánù oorun; sìgá léwu jù ú lọ.