Èsì: dókítà olójú kan tẹ́ ẹ béèrè

Bọ̀dá wa, ẹ kú ilé o. Ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé dókítà olójú kan wà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn ọmọdé, àbí àlọ́ ni. Kì í ṣàlọ́ o, Robert Gross ni, 1905 ni wọ́n bí i ní Baltimore l'Amẹ́ríkà, ojú ẹ̀ kan ò ríran dáadáa láti kékeré, bàbá ẹ̀ wá ń fún un ní aago kó máa tú u kó máa tò ó, kọ́wọ́ ẹ̀ lè já fáfá. 1938 ló ṣe iṣẹ́ abẹ tó gbayì, ní ọsibítù àwọn ọmọdé ní Boston: ọmọbìnrin ọdún 7 kan, iṣan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn ẹ̀ tó yẹ kó ti dí látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò dí, ẹ̀jẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá, ó ń dún hùn-ùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Gross fi òwú sẹ́dà so ó pinpin, ariwo yẹn bá dákẹ́. Òwú o! Èmi tí mò ń ta òwú fáwọn télọ̀ l'Òkè Ajé n'Íjẹ̀bú Òde níbí, mo kà á, mo pariwo. Ladd, ọ̀gá Gross ní ọsibítù yẹn, ò tiẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà, Gross yìí kan náà ló sì padà gbapò ẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn dàgbà, ó bímọ, ó rí ọmọ-ọmọ.